Orí Kẹfà: Ohun Tí Àdúràgbèmí Rí ní Orí-Yanrìn

Ẹyẹ òfú kò tíì dé, oríkì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Àdúràgbèmí dẹ ohùn sílẹ̀. Ó ń fa ìlà tó gbẹ̀yìn bí ẹni ń fa okùn ọkọ̀ wá sí èbúté, ó ń dúró lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹyẹ lè rí àyè dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí yanrìn láìsí bàtà, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Alákàn ká ẹsẹ̀ irin rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jókòó, ẹ̀rọ tó tó ewúrẹ́ ní gíga, tó ní etí yí gbogbo ara ká, tí kò sì ní ojú kankan. Àwọn ará Ẹ̀bá-Ọ̀sà pé sẹ́yìn wọn, wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

"Ṣé ó dá yín lójú pé wọ́n wà nítòsí?" ó rọra bi obìnrin tó dúró tì í.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Arìn-etíkun. Òfú tiwa dà bí ọkọ tiwa. Tó bá ti mọ̀ pé à ń retí òun, ẹsẹ̀ á wúwo."

Àwọn obìnrin tó kù fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí ẹyẹ fi yọ. Ó gba orí àwọn àgbọn wá, ó na ìyẹ́ rẹ̀ gbàgàdà bí ẹni ń sá aṣọ, àpò ọ̀fun rẹ̀ ń mì jòlòjòlò. Ó bà sórí omi. Òmíràn tẹ̀lé e. Àdúràgbèmí gbé ohùn sókè:

"Ẹ̀bá-Ọ̀sà, ọmọ òfú alápò lẹ́nu,
ọmọ ẹyẹ tí ń re ọjà láìgbé agbọ̀n,
ó dódò tán, ẹnu rẹ̀ ló fi dẹrù wálé."

"Mo gbọ́," ni Alákàn wí. Ohùn ìyá arúgbó ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, ohùn tó ti gbó, tí Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ bí kànga. "Kí ni o rí?"

"Mo rí òfú."

"Ojú ta ni?"

"Ojú èmi Àdúràgbèmí ni."

Iná aláwọ̀ ewé tàn lẹ́yìn Alákàn. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ti òkun sẹ́yìn lábẹ́ ògiri ìlú náà kùn hùn-ún, ó ti gba agbára ọdún mìíràn. Àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mí.

Ọkùnrin kan tó wá kí àwọn àna rẹ̀ láti ìlú òkè yọ awò kékeré kan síta, ó fẹ́ ya àwòrán òfú. Obìnrin tó fi òfú ṣe ẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan gbá a lọ́wọ́.

"Gbé e pamọ́, ọkọ wa. Ta ló tún ń gba àwòrán gbọ́ láyé yìí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí àwòrán ibi tí mo ti gun kìnnìún. Ó yẹ mí, àmọ́ èmi ò gun kìnnìún."

"Tí ẹ̀rọ bá lè parọ́ báyẹn, kí ló dé tí ẹ fi gba obìnrin kan ṣoṣo gbọ́?" ọkùnrin náà bi í.

"Nítorí a mọ ilé ìyá ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí gbogbo wọn, àmọ́ ó gún Àdúràgbèmí. Orí-Yanrìn ni ilé ìyá rẹ̀, Orí-Yanrìn ló sì kàn. Obìnrin náà rí i lójú rẹ̀. Ó fi ewé wé ẹja yíyan lé e lọ́wọ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìjàpá òkun ni tiyín, àbí?"

"Ìjàpá ni, mà."

"Wọ́n ní kò jáde lọ́dún tó kọjá, Arìn-etíkun tó ṣáájú yín kò rí nǹkan kan."

"Kò rí i."

"Ó ku ti ọdún yìí nìyẹn." Obìnrin náà mi orí. "A mọ̀ pé ìjàpá kì í kánjú, àmọ́ tiyín wá lọ sùn gbàgbé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ bá a nílé."

Àdúràgbèmí ṣe àmín. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé ìyókù fún un. Ìlú tí a bá kì, tí ojú ènìyàn kò sì rí ohun tí oríkì rẹ̀ pè, ọdún kan ni òfin fi jìn ín. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á hú ẹ̀rọ lábẹ́ ògiri rẹ̀ lọ fún ìlú mìíràn, wọ́n á sì kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ sínú àwọn ilé gogoro orí òkè, níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà pe ọmọ ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò mọ oríkì ẹni tí ń gbé lókè orí rẹ̀.

Ó so ìró rẹ̀ le. "Màmá, ẹ dìde, ká máa lọ," ló wí fún Alákàn. Wọ́n ti sọ fún un nígbà tí wọ́n yàn án pé ẹ̀rọ ni, kí ó má ṣe bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ó gbìyànjú fún ọjọ́ kan. Ahọ́n rẹ̀ kọ̀.

*

Etí òkun kò rí bákan náà níbi méjì. Lẹ́yìn Ẹ̀bá-Ọ̀sà, yanrìn funfun ni, ó gbóná, ó ń ké wíwí lábẹ́ ẹsẹ̀, àwọn akàn kéékèèké sì ń sá wọ ihò bí ajigbèsè tó rí olówó. Lẹ́yìn ìyẹn ni oko àgbọn àtijọ́ tí òkun ti wọ̀. Àwọn igi náà dúró nínú omi láìlórí, ẹyẹ apẹja kan wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, kálukú sì kọjú sí ibi tó wù ú, bí àwọn ìyàwó ilé kan náà lẹ́yìn ìjà.

"Kí ni ń dún yẹn?" Alákàn bi í.

"Ẹyẹ ni, Màmá. Ó bẹ́ sódò mú ẹja."

"Àwọ̀ wo ló ní?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó. Àyà rẹ̀ pọ́n."

"Bí aró," ni Alákàn tún un sọ. "Ó dára. Mo ti rí i."

Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ohunkóhun tí Àdúràgbèmí bá ṣàpèjúwe, á ní òun ti rí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń rìn ló ti ń béèrè: báwo ni ìkùukùu ṣe ń dúró, ṣé lékèélékèé funfun ju eyín lọ, kí ló dé tí òórùn ẹrẹ̀ fi ń yí padà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu kò lè béèrè tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wọ inú igbó ẹ̀gbà, àwọn igi tí ń hù nínú ẹrẹ̀ etí òkun. Gbòǹgbò àwọn igi náà ga ju ènìyàn lọ, wọ́n tẹ̀ bí eékún ẹni tí ń gbàdúrà. Lórí ẹrẹ̀, àwọn ẹja kan ń fi lẹ́bẹ́ rìn káàkiri, ojú wọn yọ síta bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn tí kò gbàgbọ́. Ọ̀ọ̀nì kan na ara rẹ̀ dábùú ọ̀nà. Òfin etíkun ní ẹran ló ni ọ̀nà, nítorí náà wọ́n jókòó dè é. Oòrùn yí kúrò lórí ewé, ó bọ́ sórí ẹ̀yìn ọ̀ọ̀nì, ó tún kúrò níbẹ̀. Nígbà tó tẹ́ ọba odò lọ́rùn, ó dìde, ó wọ omi láìdágbére.

Nígbà tí wọ́n jáde nínú ẹ̀gbà, ìlú kan tó ti rì ló kọ́kọ́ yọ. Páànù àwọn ilé rẹ̀ ti pọ́n, ìgbì ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ṣì ga, lékèélékèé sì ti fi ṣe ilé, ó funfun báláú. Àdúràgbèmí dúró. Gbogbo ìgbà tó bá dé ibi tí kò sí ẹni tí yóò kì mọ́, ó máa ń gbàdúrà díẹ̀ síbẹ̀, kí ibẹ̀ má baà dákẹ́ jù. Nígbà tó ṣe àmín, ohun kan fọn lójú òkun lọ́hùn-ún, omi tú sókè bí ìgbà tí èéfín ń jáde nínú ààrò.

"Ìyẹn ńkọ́?" ni Alákàn yára bi í.

"Ẹja àbùùbùtán ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó ń yọ díẹ̀díẹ̀, kò tán bọ̀rọ̀. Ó dà bí ẹni pé erékùṣù kan yí ọkàn padà, ó ń padà sísàlẹ̀."

"Mo ti rí i."

"Màmá," ni Àdúràgbèmí wí, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn rẹ̀, "kí ló dé tí wọn ò fún yín lójú?"

"Ojú ni wọ́n fi kọ́kọ́ tàn wá jẹ. Àwọn tó ṣáájú mi ní ojú. Àwọn ìlú kan ń gbé àwòrán ẹran síwájú wọn, wọ́n ń rí ẹran. Ibi tí wọ́n ní erin wà, pápá òfìfo ni. Nígbà náà ni àwọn tó ṣe òfin ní kí ẹ̀rọ máa gbọ́, kí ènìyàn máa rí. Ohun tí o bá sọ ni mo rí, ọmọ mi. Ohun tí o kò bá sọ, kò sí láyé mi."

 Bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ Orí-Yanrìn, àdúrà Àdúràgbèmí ń kúrú sí i, títí ó fi ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Olúwa, jẹ́ kó wà níbẹ̀.

*

Ó wà níbẹ̀.

Láti ọ̀ọ́kán ló ti rí i, ó dúdú lórí yanrìn, ìkarahun rẹ̀ tóbi bí ilẹ̀kùn. Gbogbo ìlú ló dúró yí i ká tẹ̀ríntẹ̀yẹ. Bàbá Ọmọ́sẹ̀hìndé, Baálẹ̀ Orí-Yanrìn, ẹ̀gbọ́n ìyá Àdúràgbèmí, dúró níwájú wọn tòun ti ọ̀pá àti fìlà àràn. Àdúràgbèmí gbàgbé àárẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ó sáré. Omijé bo ojú rẹ̀ kó tó débẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó tún yí sí ìjàpá bí ẹni tó fẹ́ kí òun náà.

"Káàbọ̀, ọmọ àbúrò mi," ni Baálẹ̀ wí. "O rí i pé Ọlọ́run ò gbàgbé wa. Ó yá, kì wá. Ọ̀nà jìn, ebi á ti máa pa ọ́."

Ó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu pé Baálẹ̀ ń kán òun lójú bẹ́ẹ̀. Òun náà ló máa ń fi ìdajì ọjọ́ béèrè àlàáfíà aládùúgbò kan. Ó wo ilẹ̀. Ipasẹ̀ ìjàpá yẹ kó ti inú òkun gòkè wá, kó fẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti wọ́ igi. Yanrìn láàrín ìjàpá náà àti omi tẹ́jú, kò sí ipasẹ̀ kankan níbẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ẹran náà. Ibi kan bó níbẹ̀ yíká, bí ibi tí okùn ti jẹ ọwọ́ ẹni tí wọ́n dè. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìrù ìjàpá náà nípọn, ó gùn, ó yọ kọjá ìkarahun.

Ó mú ọ̀rọ̀ náà jẹ lẹ́nu kó tó sọ ọ́ wẹ́lẹ́. "Bàbá, akọ ni."

"Ẹ̀n?"

"Akọ ìjàpá kì í gun ilẹ̀. Ọjọ́ tó bá ti inú ẹyin sáré wọ òkun, ó dìgbóṣe. Abo ló ń padà wá yé. Ibo lẹ ti rí i?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wo Alákàn tó jókòó lórí yanrìn, ó sì sọ̀rọ̀ sínú.

"Ojú òkun la ti mú un, níbi tó jìnnà. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn la fi wá a. Ta ló fẹ́ yẹ ìdí ìjàpá wò nínú ìgbì? Gbọ́, Àdúràgbèmí. Alákàn á bi ọ́ pé kí lo rí, ìdáhùn yẹn nìkan ni òfin sì kà sí. Ohun tó wà níwájú rẹ yìí, ṣé ìjàpá ni àbí ẹṣin?"

"Ìjàpá ni, sà."

"Nígbà tó o bá ní o rí ìjàpá, irọ́ wo lo pa?"

 Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le gan-an nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ á mọ́, inú rẹ̀ nìkan ni yóò dọ̀tí, ta ló sì ń wo inú? Ó gbé ojú wo ìyá rẹ̀ láàrín àwọn obìnrin. Ìyá Àdúrà kò mú ojú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ògiri wà, lẹ́yìn ògiri ni ilé tí wọ́n bí Àdúràgbèmí sí, lẹ́yìn ilé ni ibojì bàbá rẹ̀ wà tí wọ́n gbin ọ̀sàn sí.

"Ìyá mi, kí lẹ wí?"

"Èmi ò wí nǹkan kan," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Tí mo bá ní kó o sọ ọ́, mo ti ba ọmọ mi jẹ́. Tí mo bá ní kó o má sọ ọ́, mo ti tú ìlú ká. Àdúrà ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Máa gbà á."

Alákàn gbé ẹsẹ̀ kan sókè. "Omi ń bọ̀," ló wí. "Mo ń gbọ́ ọ. Bó bá kan ẹsẹ̀ mi láìsí ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ ìlú yìí ti parí."

"Ẹ dúró díẹ̀ sí i, Màmá." Àdúràgbèmí nu ojú rẹ̀. Kò tíì mọ ohun tí yóò sọ, àmọ́ ó mọ ohun kan tí yóò ṣe. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá a padà sínú omi. Òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Oòrùn yìí á pa á."

Baálẹ̀ fẹ́ jiyàn, àmọ́ àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìkarahun náà mú. Wọ́n fà á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri sọ̀kalẹ̀, níbi tí omi ti súnmọ́ jù. Nígbà tí ìgbì àkọ́kọ́ kàn án, ìjàpá náà na ọrùn, ó fi lẹ́bẹ́ gbá omi, ó sì lọ ní tirẹ̀, kò wo ẹ̀yìn. Àdúràgbèmí fi ọwọ́ ti ògiri kó má baà ṣubú. Ó fà á padà kíá. Ẹ̀jẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Ẹ má wò ó, ẹ jọ̀ọ́," ni obìnrin kan wí, ojú ń tì í. "Alẹ̀mọ́kùúta ni, àwọn ìkarahun játijàti tí ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Lọ́dọọdún la máa ń fi ọkọ́ ha á dànù kí Arìn-etíkun tó dé, kí ògiri lè mọ́. Ti ọdún yìí, wíwá ìjàpá ò jẹ́ ká ráyè."

Àdúràgbèmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ògiri náà kò hàn mọ́. Láti ibi tí omi wà títí dé ibi orúnkún rẹ̀, ìkarahun lórí ìkarahun ni, ó nípọn ju ọwọ́ ènìyàn lọ, wọ́n di ara wọn mú bí àwọn tó so ọwọ́ pọ̀ tí wọ́n ń jó. Àwọn akàn wẹ́wẹ́ ń wọ inú rẹ̀, wọ́n ń jáde. Ó fi òkúta kan án. Ó le bí irin.

Ìgbà yẹn ló tó kíyè sí ohun mìíràn. Ibẹ̀ dákẹ́. "Ẹ̀rọ yín ò kùn," ló wí. "Àwọn ará Ẹ̀bá-Ọ̀sà, tiwọn ń kùn."

 Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. "Ó ti kú láti ìgbà ọyẹ́. A fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́."

"Láti ìgbà ọyẹ́? Pẹ̀lú gbogbo ìgbì tó jà? Kí ló wá ń dá òkun dúró?"

Wọ́n wo ara wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ògiri mọ́ tónítóní, oṣooṣù ni wọ́n ń dí i níbi tó bá là. Lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó fi sìmẹ́ńtì kàn án, síbẹ̀ kò là: àwọn alẹ̀mọ́kùúta ló dì í mú. Ó jọ pé ìbéèrè náà kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tí ń wá ohun tó sọnù kì í wo ohun tó wà nílé.

"Màmá," ni Àdúràgbèmí pe Alákàn, "oríkì tí ẹ ní fún ìlú yìí, ta ló kọ́kọ́ kì í?"

"N kò mọ orúkọ rẹ̀."

"Àmọ́ ó rí ìjàpá."

"Bí kò bá rí i, kì bá tí kì í."

"Tí ìlú bá wá kì ohun tó ń rí lónìí?"

 Ìgbì kan dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Alákàn lẹ́sẹ̀, ó padà. "Òfin ní kí ìlú fún ara rẹ̀ ní oríkì, kí ojú kan sì rí ohun tí ẹnu wí. Kò sọ ohun tí ẹnu gbọ́dọ̀ wí. Ṣùgbọ́n ìlú kan kì í ní ẹ̀rí méjì. Bí mo bá gba èyí, mo pa ti ìjàpá rẹ́, n kò sì ní gbọ́ ọ mọ́ láé. Baálẹ̀ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti lọ."

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Ọmọ́sẹ̀hìndé. Ó ti di ẹni tó gbó sí i lójijì.

"Àwọn bàbá mi wà nínú oríkì yẹn," ló wí. "Ọmọ ìjàpá ni wọ́n fi sin bàbá mi. Kí ni wọ́n á máa pè wá ní Ẹ̀bá-Ọ̀sà? Ọmọ ìdọ̀tí ara ògiri?"

"Wọ́n á ṣe yẹ̀yẹ́ yín, sà. N kò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ èmi ò ní lè sọ pé mo rí ìjàpá. Màmá yìí ò ní ojú mìíràn ju tèmi lọ."

Baálẹ̀ ta ọ̀pá rẹ̀ mọ́ yanrìn. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ẹni tí ń lọ wo òkú, omi sì kan kókósẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ ba.  Lábẹ́ omi tó ń gòkè, àwọn ìkarahun náà ń la ẹnu wọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ó na ìka sí wọn. Wọ́n pa ẹnu dé, pápá. Ó mú ìka kúrò. Wọ́n tún ṣí i.

"Wọ́n wà láàyè," ló wí, bí ẹni tó rí ìbátan rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà. "Ìjàpá ti lọ," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ya. "Àwa la pàdánù ẹ̀. Kí ó má ṣàárò wa." Ìyá Àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Baálẹ̀ tún ojú wo ògiri, ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri, ó mú ọ̀kan, ó sọ ọ́ nù, ó mú òmíràn. Ìgbà tí ó rí i, ohùn rẹ̀ tọ́:

"Orí-Yanrìn, ọmọ alẹ̀mọ́kùúta,
ọmọ aláìlẹ́sẹ̀ tí kò sá fógun,
òkun gbá a létí, ó gbá ará ilé rẹ̀ mọ́ra.
Ìgbì dé, ó tìlẹ̀kùn;
ìgbì rọ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó ń jẹun."

Omi kan ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ Alákàn.

"Mo gbọ́," ló wí. "Kí ni o rí?"

"Mo rí alẹ̀mọ́kùúta," ni Àdúràgbèmí dáhùn. "Wọ́n pọ̀ ju kíkà lọ. Àwọ̀ wọn dà bí eérú tó dì, etí wọn mú, inú wọn sì ń dán bí ìgbà tí òṣùpá bá wà nínú omi. Wọ́n di ògiri mú. N kò rí ìjàpá tó gòkè wá fúnra rẹ̀."

"Ojú ta ni?"

"Ojú mi ni."

Kò sí ohun tó tàn. Àwọn ènìyàn dúró. Etí Alákàn ń yí, wọ́n ń yí, bí ẹni tí ń wá ibi tí yóò gbé ohun tuntun sí nínú ilé tó ti kún. "Òṣùpá nínú omi," ló sọ níkẹyìn. "Mo ti rí i." Iná aláwọ̀ ewé tàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ abẹ́ ògiri sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Kò sẹ́ni tó hó. Àwọn kan jókòó sórí yanrìn. Ìyá Àdúrà gbá ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń fi etí ìró di ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Baálẹ̀ kò tilẹ̀ yíjú. Ó ti dojúbolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tòun ti agbádá, irùngbọ̀n rẹ̀ wà nínú omi.

"Àdúràgbèmí," ló pè, "wá wò ó. Mo kì í pé ó ń jẹun. Kí ni wọ́n ń jẹ gan-an?"